Lẹ́tà Gàdàgbà Bàbá Ernest

Nimotalahi parí kọ̀ǹpútà kẹsàn-án, ó sún àga sí ìkẹwàá. Lọ́la ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní Ìwópin, Bàbá Ernest tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan ni yóò sì máa bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí l'Ágọ̀-Ìwòyè. Fífi ọwọ́ tún fáìlì ètò, èyí tó ń sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, ṣe lórí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan ń jẹ odidi ọjọ́. Agbára Bàbá kò gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi to àwọn àṣẹ sínú fáìlì kan. Bí wọ́n bá ti pe fáìlì àṣẹ yìí lórí kọ̀ǹpútà kan, yóò pa fáìlì ètò àtijọ́ rẹ́, yóò fi atọ́ka tó ń darí kọ̀ǹpútà sí ojúlówó fáìlì kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá tún ojúlówó yẹn ṣe ti tún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe nìyẹn.

Bàbá, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ló ń lo ìkẹwàá.

"Nímọ́tà, ṣé mà á ṣì máa ríran níbẹ̀?"

Nimotalahi ṣí fáìlì ètò ìkẹwàá wò. Bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ lẹ́tà di gàdàgbà. Díẹ̀ ló kù kó pa á rẹ́.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi!"

"Ìwọ náà ò béèrè, olójú ológbò."

Ẹ̀rín pa á. Ó gbé fáìlì Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ ojúlówó, ó ní kí ìkẹwàá máa tọ́ka síbẹ̀, ó sì dìde lórí àga.

"Ẹ pe fáìlì àṣẹ náà fúnra yín, sà."

Bàbá jókòó, ó tẹ bọ́tìnì tó ń pè é. Lẹ́tà ńláńlá yọ.

"Ó ti ṣe é!" ni Bàbá kígbe.

Nimotalahi gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kúnlẹ̀ dágbére, ó sì jáde lọ wọkọ̀.