Ìjọ Méjì Tó Dojú Kọra ní Haugdal

3.

…tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé Ìjọ Ìlà-Oòrùn, a kò ní sin ín sí ilẹ̀ wa, ì báà ṣe aya, ì báà ṣe ọmọ. A kò sì gbọdọ̀ fagi lé òfin yìí láéláé. A fọwọ́ sí i lóṣù kẹta, ọdún 1889.

(Òfin keje. Ìyókù ojú ìwé náà ti ya.)

4.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ju èyí lọ: ṣé Ọlọ́run ti yan àwọn tó máa là láìwo ìgbàgbọ́ wọn, àbí torí Ó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa gbàgbọ́ ló ṣe yàn wọ́n? Àwọn baba ńlá wa, ọmọ ìjọ Luther láti Norway, tí wọn ò tíì rí òrùlé gidi fi bo orí ní Minnesota, jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà òtútù mẹ́ta gbáko. Nígbà tó yá, ìdajì wọn dìde, wọ́n sọdá títì, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn tiwọn. Káfíńtà kan náà ló kọ́ méjèèjì, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Aago mẹ́wàá kan náà ni méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dòní, torí kò sí èyí tó gbà láti sún tirẹ̀.

Ẹ má pè wọ́n ní aṣiwèrè o. Èmi lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn ni mí. Ẹ̀yin kọ́.

5.

Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ni Borghild Sletten. Ọmọ Ìlà-Oòrùn ni Torvald, ọkọ rẹ̀. Fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Torvald á wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn, á já ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, á ṣẹ́rí ọkọ̀, á sọdá sí tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde lá jókòó de ẹnì kejì nínú ọkọ̀. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ sùn, wọ́n jọ fún wàrà màlúù. Ọ̀rọ̀ ìjọ nìkan ni kálukú di tirẹ̀ mú, kò sì sẹ́ni tó bẹ ẹnì kejì pé kó fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún kejì rèé tí Torvald ti kú. Ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀.

Òfin keje ló dúró lórí àyè yẹn.

6.

Eku ti jẹ ojú ìwé yìí. Tàbí èmi ni mo sọ ọ́ nù.

7.

*Ilé ìdáná abẹ́ Ìjọ Ìwọ̀-Oòrùn, oṣù kẹrin. Borghild ń fọ ife. Pásítọ̀ Kirsten Aamodt, tó ń bójú tó ìjọ méjèèjì àti méjì mìíràn, ibì kan lọ́sẹ̀ kan, dúró tì í.*

PÁSÍTỌ̀: Màmá, ìwé kan péré ni. Ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti di ọmọ Ìlà-Oòrùn. Àyè ẹ̀gbẹ́ Bàbá ti di tiyín nìyẹn.

BORGHILD: A kù mélòó níbí?

PÁSÍTỌ̀: Ẹ kù méjìlá.

BORGHILD: Kí ni òfin tiwa wí?

PÁSÍTỌ̀: Pé bí ẹ ò bá ti pé méjìlá mọ́, kí wọ́n ti ilé ìjọsìn pa.

BORGHILD: Ẹ ti dáhùn. Ẹ bá mi mú aṣọ ìnuwo yẹn.

PÁSÍTỌ̀: Ṣé ẹ máa wá fi Bàbá sílẹ̀ lóun nìkan ni?

BORGHILD: Bàbá ò sọ pé òtútù ń mú òun.

*Ife tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún ń fọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Pásítọ̀ rí i, ó mú aṣọ ìnuwo fún un.*

8.

OHUN TÍ ỌMỌ HAUGDAL KÌ Í ṢE

a. Kì í mú ẹyọ kéèkì tó kù nínú àwo.

b. Kì í gba nǹkan àfi tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

d. Bó bá fẹ́ ṣeni lóore, kì í jẹ́ kí onítọ̀hún gbọ́ ṣáájú.

e. Kì í sọ ohun tó ń fẹ́.

9.

ÌWÉ ÌPÀDÉ, ÌJỌ ÌWỌ̀-OÒRÙN. Ọjọ́rú, oṣù karùn-ún.

Ẹni mọ́kànlá ló wá. A sọ fún Borghild Sletten pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Ìyá Verna Lokken dìde. Ó ní: "Mi ò gba ti Torvald rí. Àwàdà rẹ̀ ò dáa. Àmọ́ Borghild ò lè dá lọ, torí tiwa ni kò ṣe lọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lọ."

Wọ́n bi í pé lọ síbo.

Ó ní: "Kí a sọdá títì."

A dìbò. Mọ́kànlá gbà. Verna ń sunkún, ó ní ọ̀fìnkìn ni.

*Ìpinnu:* Láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, Ìjọ Ìwọ̀-Oòrùn kò sí mọ́. Kí orúkọ àwa méjèèjìlá lọ sínú ìwé Ìlà-Oòrùn. A ó kọ̀wé sí olú ilé ìjọ. Kí Pásítọ̀, tó jókòó tì wá, má sọ fún Ìlà-Oòrùn, kí wọ́n má baà rò pé ọpẹ́ là ń wá.

10.

ÌWÉ ÌPÀDÉ, ÌJỌ ÌLÀ-OÒRÙN. Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pé. Alága wa, Orrin Fossum, tó jẹ́ àbúrò Torvald lápá ìyá, ní ojú ń ti òun láti máa gé koríko lórí àyè òfìfo yẹn. Ẹnì kan ní kí a fagi lé òfin keje. Alága ní òfin náà fúnra rẹ̀ ló ní a ò gbọdọ̀ fagi lé e, òun ti kà á lẹ́ẹ̀mẹfà. "Àmọ́ bí kò bá sí ìjọ mọ́, ta ló kù tó máa di òfin mú?"

*Ìpinnu:* Láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, Ìjọ Ìlà-Oòrùn kò sí mọ́. Kí gbogbo wa lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí ìyàwó wa wà. A ó kọ̀wé sí olú ilé ìjọ. Kí Pásítọ̀ má sọ fún wọn.

11.

Pásítọ̀ Kirsten ò rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yẹn.

12.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi náà ni Verna tó wá sọ fún Borghild. Borghild bínú. Ó sunkún. Ó tún bínú.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán wa. Nujú, kó o lọ wá bàtà rẹ fún ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjìlá wọ Ìlà-Oòrùn kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún onílé. Yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsìnkú, Borghild ò wọbẹ̀ rí. Ó ń wo àwọn bẹ́ǹṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ èyí tí ọkọ òun ń jókòó sí, ó sì dùn ún pé òun ò bi í léèrè rí.

Aago mẹ́wàá lù. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Orin bẹ̀rẹ̀ lódìkejì títì.

Verna ní: "Ta ló ń kọrin nínú ilé wa?"

13.

*Àárín títì.*

ORRIN: Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Verna. Kí lẹ ń wá nínú ilé wa?

VERNA: Ìwọ ńkọ́, kí lò ń wá nínú tiwa?

ORRIN: A ti pa tiwa rẹ́. Ọ̀dọ̀ yín la wá.

VERNA: Àwa náà ti pa tiwa rẹ́.

*(Wọ́n yíjú sí ọkọ̀ Pásítọ̀.)*

ORRIN: Pásítọ̀, ẹ mọ̀?

PÁSÍTỌ̀ *(nínú ọkọ̀ rẹ̀, láàárín títì)*: Mo mọ̀.

VERNA: Ẹ sì panu mọ́?

PÁSÍTỌ̀: Ẹ ní kí n má sọ. Àwọn náà ní kí n má sọ. Pásítọ̀ ni mí, èmi kì í ṣe rédíò.

ORRIN: Ó dáa, ẹ padà sínú ilé yín, a ó wá bá yín níbẹ̀.

VERNA: Rárá o, ẹ̀yin ni kí ẹ padà sínú tiyín.

ORRIN: Ẹ jọ̀ọ́, mà.

VERNA: Mo ní ẹ̀yin ni.

14.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe báyìí. Katakata kan dé, kò rọ́nà kọjá. Awakọ̀ rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ń wòran.

Borghild dúró láàárín wọn. Nítorí rẹ̀ ni ẹni márùndínlọ́gbọ̀n fi pa ilé baba wọn rẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè lanu sọ ọ́. Ó fẹ́ràn wọn débi pé inú ń bí i.

Kò pariwo. Ó ní:

"Mo fẹ́ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Mo sì fẹ́ kí gbogbo yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí. Ilé tí ẹ bá ti jáde wá ò kàn mí."

Ojú ti gbogbo wọn bí ẹni pé Borghild bọ́ṣọ lójú títì. Olúkúlùkù ń wo bàtà ara rẹ̀. Orrin ló kọ́kọ́ ṣí fìlà.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́?"

"Ẹ ò bi mí."

15.

*Láti olú ilé ìjọ:* A rí ìwé yín méjèèjì gbà lọ́jọ́ kan náà. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ wa, ìjọ méjèèjì ti tú ká, ọmọ ìjọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì wà nínú ìjọ tí kò sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù yìí, kí a lè mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

16.

ORÚKỌ ÌJỌ: ~~Ìlà~~ ~~Ìwọ̀~~ ~~Ìlà àti Ìwọ̀~~ ~~Ìwọ̀ àti Ìlà~~ A ṣì ń jiyàn.

ILÉ ÌJỌSÌN: Lọ́sẹ̀ yìí, ti apá ọ̀hún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti apá ibí.

IYE ỌMỌ ÌJỌ: 26. Awakọ̀ katakata ní òun ń rò ó.

ILẸ̀ ÌSÌNKÚ, TA LẸ LÈ SIN SÍBẸ̀: Borghild Sletten, nígbà tó bá ṣe tán.

*(Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn:)*

Mi ò tíì ṣe tán.