Bọ́tìnì Tó Ń Bínú Lẹ́yìnkùlé

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn ná, kí ọ̀gá má baà gbọ́. Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, nílé bàbá mi ní Ìkirè, lórí àga gígùn tó wà ní pálọ̀, ọ̀gá wa sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé mi délé nìyí. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá mi lọ́nà ọ̀fun. Dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún wa pé ohùn tó bá jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà lè má jẹ́ ohùn tí a mọ̀ mọ́. Bàbá mi o, tíṣà tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ iléèwé lórin! Ẹ̀rù bà mí, kí n má tàn yín. Orin kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, òun ló fi ń rẹ̀ mí sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì sí ibòmíràn tí orin yẹn wà láyé àfi lẹ́nu rẹ̀. Mo ní mo gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù kó tó di Mọ́ńdè. Kí ni mo sì fẹ́ fi gbà á bí kò ṣe áàpù orin wa, èyí tí èmi yìí ya ojú rẹ̀, tí gbogbo yín pàtẹ́wọ́ fún pé ó rẹwà?

Bàbá jókòó síwájú mi, ó ń kùn díẹ̀díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè là. Mo di fóònù mú. Mo ní kí n kàn fẹ̀yìn ti àga díẹ̀.

Àfi bí mo ṣe bá ara mi nínú áàpù náà. Ọ́fíìsì wa yìí gan-an ni, àmọ́ ó ń léfòó lókè àwọn òrùlé Ìkirè, wáyà tí wọ́n fi ń gbọ́ orin létí ni wọ́n sì fi so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé wa kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, a ó máa rí afẹ́fẹ́. Gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò tí mo fi ọjọ́ púpọ̀ yàn. Ó rẹwà lóòótọ́. Bàbá mi jókòó láàárín yàrá pẹ̀lú kóòtù tó fi ń lọ sí iléèwé.

"Àdùfẹ́, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" ó fi oríkì mi pè mí.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, Bàbá. Mo ń wá ibi tí mo máa tẹ̀."

"Orin ti dé ètè mi, ọmọ mi, kò gbọ́ dúró."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó di ẹyẹ funfun kékeré kan, ó gba ojú fèrèsé jáde. Bàbá wo ẹyẹ náà títí tó fi lọ tán.

"Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn?" ó bi mí.

Èmi náà ò rántí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìlà tí mi ò bá gbà sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, ó ti kúrò lórí bàbá àti lórí èmi náà.

Mo sáré lọ bá àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ẹ rántí pé èmi ni mo ní kí wọ́n kéré, tí mo sì fi àwọ̀ eérú kùn wọ́n kí ojú áàpù lè tutù. Ẹnu wọn ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè," ni mo wí.

"Ìwọ lo ní ká máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́," ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo kọjá sídìí ohun róbótó ńlá tí mo yà síwájú pátápátá, èyí tó ń dán, tó jọ èyí tí wọ́n máa ń yí lára rédíò àtijọ́. Mo gbá a mú kí n yí i. Kò yí. Nígbà tí n ó fi wo ọwọ́ mi, epo ti kún un, ohun tí mo dì mú sì ti di dòdò Ìkirè.

"Ṣé ìwọ lo máa ń gba ohùn sílẹ̀?" mo bi dòdò náà.

"Èmi kẹ̀? Èmi kàn ń dán ni."

Ẹyẹ mìíràn tún ti fò jáde. Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀gá Fádáhùnsi léfòó wọlé pẹ̀lú tábìlì rẹ̀.

"Tèmilọ́lá! Iṣẹ́ yìí gbayì! Àwọ̀ yìí ṣe é jẹ!"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ibi tó ti ń jẹ ògiri ni irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ọ̀gá ṣì ni ọ̀gá.

"Ẹ rọra jẹ ẹ́, sà, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa."

Ó jẹ ògiri dé ibi ìlà mẹ́ta tó dúbúlẹ̀ lórí ara wọn ní igun òkè ojú áàpù, ìlà tí mo máa ń kó gbogbo ohun tí kò bá rẹwà sí lábẹ́. Bó ṣe jẹ wọ́n tán, ilẹ̀kùn kan yọ níbẹ̀. Mo wọ ibẹ̀, mo bá ara mi lẹ́yìnkùlé.

Bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀ ló jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Ó tóbi, ó pupa, ó dé fìlà, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ọwọ́ ọ̀tún ni fóònù wà, mo bá na ọwọ́ òsì láti tẹ̀ ẹ́.

"Ọwọ́ òsì!" ó pariwo. "Èmi àgbà ilé yìí, ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi tẹ̀ mí níkùn?"

Mo tún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò ro ibẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lo ti wá ro ibẹ̀? Tí èèyàn bá wọ ilé orin yìí, ta ló wá rí? Ṣebí èmi ni. O gbé mi jókòó lẹ́yìn ilé, o wá fi dòdò jókòó sí pálọ̀. Ṣé mo burẹ́wà ni?"

"Ẹ ò burẹ́wà, sà. Ẹ kàn pupa ju ògiri lọ ni."

"Mo pupa kí ẹni tí ojú ń dùn lè rí mi. Mo tóbi kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè bá mi. Sọ fún mi, àwọn wo lo tọ́jú ògiri yẹn fún?"

Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi láti inú ilé, ó ti ń rẹlẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń fò kọjá lórí wa lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Omijé bọ́ lójú mi.

"Ẹ dákun, Bàbá Bọ́tìnì, orin ń tán lọ."

Ó tú ọwọ́ tó ká lẹ́rán. "Ó dáa, bẹ̀rẹ̀ kí n gùn ọ́."

Mo pọ̀n ọ́n, mo fi ìró gbà á lẹ́yìn, ó wúwo, mo ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ wọlé. Mo gbé e kalẹ̀ sí àárín pálọ̀, níwájú bàbá mi, níbi tó yẹ kó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Mèéè."

Mo lajú. Ewúrẹ́ màmá mi ló gbé orí lé fèrèsé pálọ̀, tó ń ké. Fóònù mi ti já bọ́ sílẹ̀, ohun tó ń dán yẹn ṣì ń dán lójú rẹ̀. Bàbá ń mu omi.

"Bàbá, ẹ ṣì máa kọ orin náà, àbí?"

"Mo ti kọ ọ́ tán tipẹ́," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ọ̀fun ń dùn mí. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ara mi tutù. Àfi ìgbà tí màmá mi, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gbé fóònù tirẹ̀ sókè, èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kán kútẹ́sì pupa kan, èyí tí wọ́n fi ń kun èékánná, wà lójú gíláàsì rẹ̀, ó gbẹ síbẹ̀ gbagidi.

"Ojú mi kì í rí nǹkan wẹ́wẹ́ inú áàpù rẹ yẹn," ó wí. "Mo fi kútẹ́sì sàmì síbi tí wọ́n ń tẹ̀. Wò ó bóyá ó gbà á."

Ó gbà á. Orin náà pé látòkè délẹ̀, ohùn bàbá mi sì dùn. Ewúrẹ́ ké níparí. Ṣùgbọ́n láti ìlà kejì ni nǹkan kan ti ń pariwo lábẹ́ orin náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Kí nìyẹn?" mo bi wọ́n.

"Ìwọ ni," màmá mi wí. "O ń hanrun."

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí mo ṣe máa yọ ọ́ kúrò, bàbá bá gbé ọwọ́ lé tèmi.

"Fi í sílẹ̀, Àdùfẹ́. Ìgbà wo ni mo kọ orin yìí rí tí o ò sùn?"

Mo fi í sílẹ̀. Mo wá ní kí màmá mi bá mi wá ìgò kútẹ́sì yẹn, kí n fi sàmì sí tèmi náà.