Ibi Gbígbẹ Kan Ṣoṣo

"Ìyá Ọpẹ́, ibo lẹ ń tọ́jú oògùn ọmọ yìí sí gan-an?"

Ohùn Nọ́ọ̀sì Sàlímátù ń wọlé, ó ń jáde, bí nẹ́tíwọ̀kì Ugbonla ti máa ń ṣe tí òjò bá ti ṣú. Moríkẹ́ dúró nídìí ààrò, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹja tó ń yan lórí iná padà. Ó gbójú sókè. Ìgò oògùn náà wà níbẹ̀, lórí àjà tó wà lókè ààrò gangan, láàárín ìṣáná, iyọ̀, àti náílọ̀nù tí ìwé ọjọ́ìbí àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀.

"Inú yàrá ni, Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ ṣeun. Mo kàn ń bi yín ni. Oògùn yẹn ò fẹ́ ooru rárá. Bó bá ti gbóná fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ti kú nìyẹn, ìyẹ̀fun lásán lọmọ ń gbé mì. Ẹ má gbàgbé láti mú ìgò náà àti ìyókù inú rẹ̀ dání lọ́la o, ká lè ka..."

Fóònù já. Moríkẹ́ dúró síbẹ̀ títí ẹja méjì fi jóná mọ́ wáyà. Obìnrin tó ti ń yan ẹja láti kékeré, tí kì í jẹ́ kí iná jẹ ìrù ẹja lásán!

Ọpẹ́fólúwa ni ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àkọ́bí rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí wọ́n ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ kì í tó o lára. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ sọ pé fòníkú-fọ̀ladìde ni, wọ́n sì gba Moríkẹ́ nímọ̀ràn tó pọ̀ ju ẹja inú òkun lọ. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá tó wà lókè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ló wá sọ pé talasímíà ni orúkọ rẹ̀: àrùn àjogúnbá ni, kì í jẹ́ kí ara lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dáa fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn dé Ìgbọ́kọ̀dá, mọ́tò á gbé wọn lọ sókè, wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí ọmọ náà lára kó tó lè dìde dúró dáadáa.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ìwádìí dé. Àwọn oníṣègùn fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn oníhóró tuntun kan lè dín iye ìgbà tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀ kù. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti di mẹ́rin, mẹ́rin ti di mẹ́fà. Ọpẹ́ lọ sílé ìwé odindi sáà kan láìsí ọjọ́ tí àìsàn dá a dúró sílé. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà. Moríkẹ́ á jókòó, á máa gbọ́ ariwo wọn, inú rẹ̀ á máa dùn, kò sì ní í là wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé, tí omi kún wá sábẹ́ ilé. Ní etí omi, tó bá ti di ìgbà òjò, kò sí ohun tí kì í rin. Aṣọ inú àpótí á bu, iyọ̀ á yọ́, ìṣáná ò ní í ṣá. Ibi gbígbẹ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé orí omi, orí ààrò náà ni. Ibẹ̀ ni ìyá Moríkẹ́ ń kó ohun iyebíye sí, ibẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ń kó tirẹ̀ sí. Wọ́n ní kí omi má kan oògùn, omi ò sì kàn án. Wọ́n mẹ́nu ba ooru náà lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, àmọ́ ẹni tí omi ń lé kiri inú ilé, ìgbà wo ló máa ráyè ro ti ooru?

Oṣù mẹ́ta nìyẹn; ìgò oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì fún un. Láàárín oṣù mẹ́ta yìí kan náà ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti padà di mẹ́ta.

Ó na ọwọ́, ó gbé ìgò náà sọ̀kalẹ̀. Ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Ó da hóró mélòó kan sí àtẹ́lẹwọ́. Funfun ni hóró tí wọ́n fún un, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti pọ́n rúsúrúsú. Ojoojúmọ́ ló ń rí wọn. Ohun téèyàn bá ń rí lójoojúmọ́, ojú kì í tètè mọ̀ pé ó ti yí padà.

Olówòkéré, ọkọ rẹ̀, ń tún àwọ̀n ṣe lórí pákó iwájú ilé. Ó ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbọ́ ìyókù.

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba oògùn ọmọ mi jẹ́, Baba Ọpẹ́."

"Rọra sọ̀rọ̀, ọmọ wà nínú ilé." Ó gba ìgò náà, ó yí i wò, ó dá a padà. "Má sọ fún wọn."

"Kí n má sọ bí i báwo?"

"Ṣé o ti gbàgbé ìwé tí a tẹ̀ka sí ni? Ẹni tó bá rú òfin ìwádìí, wọ́n lè yọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ Ọpẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta náà nìyẹn títí ayé."

"Wọ́n á béèrè ìgò."

"Sọ pé ọkọ̀ fì, ó jábọ́ sómi. Omi gbé ilé àwọn ará Araromi lọ, ká má tíì sọ ti ìgò oògùn. Ta ló máa jiyàn? Omi ò lẹ́nu tó máa fi sọ pé òun kọ́."

Moríkẹ́ da hóró ọwọ́ rẹ̀ padà sínú ìgò. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba òun náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun àti Ọpẹ́ wọ ọkọ̀. Ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ẹja yíyan tó fẹ́ fún Nọ́ọ̀sì Sàlímátù ló wà lókè, ìgò náà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí odò ti fẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú báàgì, ó di ìgò náà mú. Ẹnikẹ́ni ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa jù ú, á sì parí.

Ọpẹ́ gbé orí lé e léjìká. Wíwọ ọkọ̀ nìkan ti tó láti mú kí èémí rẹ̀ máa sáré.

"Mọ́mì, ṣé ẹ máa sọ fún Dókítà pé oògùn yẹn ti ń rùn bí ẹja?"

"Látọjọ́ wo?"

"Ó ti pẹ́. Mo sọ fún yín nígbà yẹn, ẹ ní ẹja kì í pa ọmọ Ìlàjẹ."

Moríkẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú báàgì. Kò ju ohunkóhun sómi.

Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, wọ́n bá Láídì, obìnrin ará Awoye létí omi, tó ń ta àwọ̀n, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ìsìmáílà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àìsàn kan náà ló ń ṣe é, oògùn kan náà ló ń lò. Inú ìwádìí yìí ni àwọn ìyá méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni tiyín?" Láídì rẹ ohùn sílẹ̀. "Tèmi ti padà sẹ́yìn látìgbà tí òjò ti dé. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ wa ni wọ́n fi ń dánra wò. Ó ní tí oògùn náà ò bá ṣiṣẹ́ fún Ọpẹ́ mọ́, àwa náà ò ní í wá mọ́ látòní."

"Ẹ ní sùúrù ná," ni Moríkẹ́ sọ. Kò lè wo ojú rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Wọ́n pe orúkọ Ọpẹ́, ó sì yára dìde bí ẹni tí wọ́n yọ nínú ìyọnu.

Aṣọ ìkélé ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Dókítà Fẹ́yìsetán, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ka èsì àyẹ̀wò, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ti lọ sílẹ̀. A máa fún un ní ẹ̀jẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n oògùn yìí ṣiṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la rí i. Ó jọ pé ó ti mọ́ ọn lára ni. Ètò ìwádìí fún wa láàyè láti sọ hóró kan di méjì."

"Méjì láàárọ̀?"

"Àti méjì nírọ̀lẹ́. Ó le díẹ̀ fún ẹ̀dọ̀, ìyẹn la ṣe máa máa yẹ̀ ẹ́ wò. A ò ní í ṣe é tí kò bá pọn dandan."

Sàlímátù ti ṣí ìwé rẹ̀. "Ìgò àtijọ́ dà, Ìyá Ọpẹ́? Kí n ka ìyókù."

"Omi..." ni Moríkẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọpẹ́ yíjú sí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé omi kankan ò ṣe nǹkan kan.

"Omi ṣe kí ni, mà?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

Moríkẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Bó bá sọ pé omi gbé e lọ, wọ́n á gbé ìgò tuntun wá, oògùn tó yè kooro, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n á dà á lé ẹ̀dọ̀ ọmọ tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun ló ti ń gbé mì fún oṣù mẹ́ta. Irọ́ tí wọ́n ní kó fi gba ọmọ sílẹ̀ yìí ló máa pa á lára.

Ó kó ẹja inú báàgì jáde, ó tò ó sórí tábìlì Dókítà, láàárín àwọn ìwé. Òórùn èéfín gba gbogbo yàrá. Ó wá gbé ìgò náà kalẹ̀.

"Omi kọ́. Èmi ni. Orí ààrò ni mo fi í sí látìgbà òjò, kó má bàa rin. Ooru ti pa á. Mo tún purọ́ fún Nọ́ọ̀sì lánàá. Dókítà, ẹ má sọ ọ́ di méjì. Látìgbà náà, oògùn ò dé ara ọmọ mi mọ́."

Dókítà ṣí ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. Ó fa fáìlì Ọpẹ́ sọ́dọ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́, mà."

"Kì í ṣe èmi nìkan ni mo máa pinnu bóyá ọmọ yìí á dúró nínú ìwádìí. Ìgbìmọ̀ wà. Mi ò lè ṣèlérí."

"Mo gbọ́." Omijé ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ."

Aṣọ ìkélé ṣí. Láídì ló dúró síbẹ̀, ó fa Ìsìmáílà lọ́wọ́, ìgò oògùn wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rìn wá sí ìdí tábìlì, ó gbé ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ ti Moríkẹ́.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Mo gbọ́ láti ìta. Orí ààrò ni tèmi náà wà."

Ìgò méjì, òórùn èéfín kan náà. Sàlímátù fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ etí omi lòun náà, ọmọ Araromi ni.

"Àṣé èmi ni," ló sọ. "Nígbà òjò, orí ààrò ni ìyá mi ń gbé Kùránì rẹ̀ sí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ibi gbígbẹ, mi ò bi wọ́n pé ibo ló ń gbẹ nílé wọn."

"Kọ ìyẹn náà sílẹ̀," ni Dókítà wí. Ó ti gbé fáìlì Ìsìmáílà. "Òun ni mo fẹ́ sọ tirẹ̀ di méjì tẹ̀ lé e."

Láídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán wọ ara Ọpẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń pọ́n.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n á yọ mí?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ọmọ náà mi orí, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Fóònù dún. Olówòkéré ni.

"Ṣé o sọ fún wọn pé omi gbé e lọ?"

"Rárá. Mo sọ pé èmi ni."

Láti inú fóònù, Moríkẹ́ ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu òpó abẹ́ ilé wọn.

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Àmọ́ wọ́n ní bí wọ́n bá tún máa fún wa, àfi ká wá ibi tó gbẹ tí kò gbóná."

"Nínú ilé yìí? Níbo?"

"Ẹ bá mi wá a kí n tó délé, Baba Ọpẹ́."

Moríkẹ́ gbọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé àwọ̀n sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, ó ń wọnú ilé lọ.