Ẹní Tó Gùn Ju Ẹsẹ̀ Lọ

Ìyá kan tó ń hun ẹní ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ gé koríko ẹní lábàtà báyìí, koríko onígun mẹ́ta tó ń hù nínú omi. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá ṣe fún un: "Òkè omi ni kó o ti gé e. Ibẹ̀ ni imú rẹ̀ wà. Bí omi bá bò ó lórí, gbòǹgbò rẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí."

Ojúkòkòrò ò jẹ́ kí ọmọ gbọ́. Ó ti ọ̀bẹ bọ omi, ó gé koríko nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi hun ẹní gígùn kan, ó sì tẹ́ ẹ fún ìyá rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́: òjò dé, omi kún, gbogbo kùkùté koríko jẹrà.

Ojoojúmọ́ ni ìyá ń bi í pé, "Ṣé ó ti ń hù padà?"

"Ó ń hù, Màámi. Ó ti dé mi lórúnkún."

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti dé ìbàdí. Ká sòótọ́, irọ́ nìkan ló ń hù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Màámi, ẹ foríjì mí. Kò hù. Abẹ́ omi ni mo ti gé e."

Ìyá na ẹsẹ̀ méjèèjì tán, síbẹ̀ ẹní ṣì kù.

"Láti ogójì ọdún, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gìgísẹ̀ mi máa ń wà bí mo bá sùn, torí koríko tá a gé lókè omi kì í gùn tó mi. Ọjọ́ tó o tẹ́ eléyìí ni mo ti mọ̀. Ìwọ ni mò ń dúró dè, kì í ṣe koríko."