Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Kọ̀ǹpútà Màmá Fẹ́

Ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, torí àlá tí mo lá lóru àná kì í ṣe èyí tí à ń dúró gbọ́.

Ẹ ṣáà mọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ mi, èyí tí ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó. Inú rẹ̀ ni ohùn màmá mi wà. Wọ́n sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún mi kí wọ́n tó jáde láyé, ṣùgbọ́n mẹ́mórì ẹ̀rọ náà kò tó nǹkan. Bí mo bá ti ṣí i, màmá á ní, "Àkàngbé, ohun tí mo fẹ́ kí o..." kọ̀ǹpútà á sì gan. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Tèmi dénú mi, kò di nǹkan kan.

Lójú àlá, kọ̀ǹpútà wúkọ́. Ó ní, "Àkàngbé, orí mi ti kún. Lọ wá mẹ́mórì wá, kí n lè sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ parí." Mo ní ó dáa, sà. Mo wọ bàtà.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní mẹ́mórì ń léfòó lójú odò abúlé wa, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí igbá. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ká ṣòkòtò, mo wọ odò, mo di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú. Àga tó wà níbẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má jókòó lé òun, ẹ̀yìn ń dun òun. Mo kí i kú ìrora, mo dúró.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, onítáì, ní kọ̀ǹpútà mi ti darúgbó, kí n jẹ́ kó lọ sinmi. Mo ní ìyá mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Mo ní n ò níbi tí mò ń lọ. Bí a ṣe ń fà á, irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo tẹ̀ lé e, ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn. Kò yà mí lẹ́nu, mo ti ń rí i bọ̀ lójú ẹ̀. Ó wúkọ́, mẹ́mórì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òòyà. Bí mo ṣe mú un, òbúkọ fi eyín di ọwọ́ ọ̀tún mi mú. Ó ní ohun ìjọba kì í dá rìn, òun ó sìn ín délé.

Odò bá ká ara rẹ̀ bí ẹní, a bá ara wa ní pálọ̀ mi. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fi ọwọ́ òsì na mẹ́mórì sí i. Ó pa ìdérí rẹ̀ dé.

"Àkàngbé, ọwọ́ òsì? A kì í fi í júwe ilé baba ẹni, ìyá rẹ lo wá fẹ́ fi bọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀, tòun ti òbúkọ. Mo ṣàlàyé pé ọ̀gá ló di ọ̀tún mú. Kọ̀ǹpútà ní ìyẹn ò kan òun. Mo bẹ ọ̀gá, ó ní iṣẹ́ ò tíì parí. Mo ní bí ọwọ́ yìí ó bá já, kó já, ọ̀tún ni mo máa fi sí i. Mo fà á, òbúkọ fà á, mo tún fà á. Bí mo ṣe jí nìyẹn.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti sùn lé ọwọ́ ọ̀tún mi, ó ti kú, ó wúwo bí igi tútù. Mẹ́mórì tí mo rà lánàá wà lórí tábìlì. Mo lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń wò ó, mo ń retí kí ọwọ́ náà jí. Ìyàwó mi, Ìyá Gbóyèga, bi mí pé kí ló dé tí n ò fi òsì tì í bọ̀ ọ́, ṣebí ẹ̀rọ lásán ni.

Mo ní, "Ìyá Gbóyèga, màmá ló wà níbẹ̀."

Ó fa àga, ó gbé ọwọ́ mi lé itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú ìka mi.