Ẹ Má Pè É Ní Kọ́múréèdì Mọ́

"Alhaja, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín. Láti òní lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Dádì Ìrètí ní Kọ́múréèdì mọ́."

Alhaja Rùkáyátù gbé páálí mílíìkì tó ń tò sílẹ̀, ó wo Adébùnmí. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta próvíṣọ̀n lẹ́nu kúlóòsì wọn ní Festac, kò sì mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe bàbá náà.

"Kí ni ká wá máa pè wọ́n, Mọ́mì?"

"Ẹ máa pè wọ́n ní Bàbá Ìrètí. Tàbí kẹ́ ẹ pè wọ́n ní Díákónì."

"Wọ́n ti fi wọ́n jẹ díákónì ni? A ò gbọ́."

"Wọ́n máa fi wọ́n jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Alhaja, àmọ́ nígbà tó rí i pé omi ti lé ròrò lójú ẹnì kejì, ó gbé e mì.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Ọ̀rọ̀ físà ni. Wọ́n ní àwọn ẹ́ḿbásì máa ń fóònù àdúgbò, wọ́n á fọgbọ́n béèrè irú ẹni téèyàn jẹ́. Tí wọ́n bá wá pè yín, tẹ́ ẹ ní, 'Kọ́múréèdì? Wọ́n wà nílé o…'"

"Ta ló sọ̀yẹn?"

"Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Háà." Alhaja ò mọ ohun tí à ń wí sí èyí tí wọ́n bá ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Kò burú. A ò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, Inṣa Allah."

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù Alhaja nìkan ni Adébùnmí yà sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti bẹ ìyá Lilian tó ń gbé lókè wọn, ó ti bẹ fọkanáísà, ó sì ti bẹ máígáàdì ẹnu géètì. Máígáàdì ní òun ti gbọ́, kò sí wàhálà. Bí Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀ ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ló bá na ọwọ́ sókè tayọ̀tayọ̀: "Kọ́múréèdì! Ẹ káàárọ̀ o, sà!"

Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìrètíolúwa, tó ti gba ìwé ọmọ ìlú ní Amẹ́ríkà, ló ní kí àwọn òbí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Kálukú ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere àfi ìgbà tí wọ́n kan ìbéèrè kan: ṣé ẹni tó ń bọ̀ yìí ti ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́múníìsì rí? Olúṣẹ̀yẹ sì ti ṣe é rí. Nígbà tó jẹ́ akọ̀wé kékeré níṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó wà nínú Ẹgbẹ́ Ìràpadà Òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ kọ́múníìsì kékeré kan tí àwọn ológun fòfin dè. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ fọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ túká. Òmíràn di pásítọ̀, òmíràn di kọmíṣọ́nnà, ó ń gun jíìpù onígíláàsì dúdú. Olúṣẹ̀yẹ nìkan ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ lára, àfi bí ẹni pé kò rí ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí fún Adébùnmí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyìn, èyí tó jẹ́ àbúrò nínú àwọn ọmọ Ìrètí, béèrè lórí fóònù pé ṣé Grandma ní ẹsẹ̀, torí orí àti èjìká nìkan lòun máa ń rí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Adébùnmí náà rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ balùwẹ̀, ó sì sunkún débi tí ọ̀fun fi ń dùn ún. Ó fẹ́ kí ọmọ náà rí ẹsẹ̀ òun kí òun tó kú. Ohun tó ń lé e kiri ojúlé nìyẹn.

Nígbà tó padà sílé, Olúṣẹ̀yẹ ń ka ìwé ìròyìn. Adébùnmí ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín pálọ̀ àti kíṣìnnì, ó ń ṣí fíríìjì, ó ń pa á dé, kò mú nǹkan kan níbẹ̀.

"Bùnmí, jókòó."

"Ẹ kàn sọ pé rárá. Kí ló le níbẹ̀? Ẹgbẹ́ tó ti kú, ta ló fẹ́ lọ hú òkú ẹ̀?"

"Èmi tí mo ṣe é ò tíì kú."

"Ẹ ò ní ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ẹ ò ní káàdì. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èèyàn máa búra sí fọ́ọ̀mù yẹn. Mi ò lè darúgbó tán kí n wá máa búra èké."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè…" Adébùnmí bẹ̀rẹ̀, kò sì rójú parí ẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ ti dìde, ó ń wá bàtà. Mansur ń dúró dè wọ́n.

Mansur ló ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù náà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítòsí Apple Junction. Ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ níta débi pé ńṣe ni wọ́n ń pariwo ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́ra wọn.

"Dádì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín," Mansur ní. "Lọ́yà tí mo bi ní torí pé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀, wọ́n lè fojú fò ó. Wọ́n sì lè máà fojú fò ó o. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣì máa retí, kẹ́ ẹ wá retí títí. Àmọ́ tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti parí nìyẹn."

"Kọ bẹ́ẹ̀ ni," Olúṣẹ̀yẹ ní.

Inú bí Adébùnmí débi pé kò lè wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tún padà wá.

"Ẹ ti pa mí."

"Mi ò pa ẹ́. Fọ́ọ̀mù tìrẹ mọ́ tónítóní. Tí wọ́n bá dá èmi dúró, ìwọ á máa lọ. O máa rí àwọn ọmọ."

Ọkàn Adébùnmí fúyẹ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ojú sì tì í pé ó fúyẹ́. Òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ. Òun lè lọ ṣáájú, kò sí ohun tó di òun lọ́wọ́. Ó fa àga, ó jókòó.

Mansur ṣí fọ́ọ̀mù ti Adébùnmí. "Mọ́mì, ìbéèrè kan náà ni. Ṣé ẹ ti bá wọn ṣẹgbẹ́ kọ́múníìsì rí?"

Olúṣẹ̀yẹ ló yára dáhùn. "Rárá. Kọ rárá fún un. Òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ó kàn máa ń se oúnjẹ fún wa ni."

Ó kàn máa ń se oúnjẹ. Adébùnmí yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ńṣe ló ń parọ́ nítorí òun. Olúṣẹ̀yẹ ò parọ́. Ohun tó gbà gbọ́ látọjọ́ yìí wá nìyẹn, ó sì dun obìnrin náà wọ egungun.

"Mansur, dúró ná."

"Mọ́mì?"

"Dádì Ìrètí, ọjọ́ tí àwọn ṣọ́jà dínà ní Mazamaza, tí wọ́n ń tú ẹrù gbogbo èèyàn, ta ló gbé ìwé ìléwọ́ ẹgbẹ́ yín kọjá?"

Olúṣẹ̀yẹ yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí i.

"Ìrètí ni mo pọ̀n. Ìwé yẹn wà láàárín ẹ̀yìn mi àti ikùn ẹ̀. Ṣọ́jà fi ẹnu ìbọn tú báàgì mi, ó ní kí n máa lọ. Kí n tó délé, ọmọ ti tọ̀ sí gbogbo ẹ̀. Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan títí ó fi gbẹ. Ẹ̀yin àti Gbọ́lágadé kọ́múréèdì yín wá kó o lọ pín lọ́jọ́ kejì, ẹ dé, ẹ ń ki ara yín kú iṣẹ́."

"Bùnmí," ohùn bàbá náà ti lọ sílẹ̀, "mo gbàgbé."

"Mo ti rí i pé ẹ gbàgbé."

"Jẹ́ kó kọ rárá. Jọ̀ọ́. Ro ti àwọn ọmọ yẹn."

Adébùnmí rò ó. Ó rí ojú Ìyìn, ẹ̀rù sì bà á gan-an, torí ó mọ ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa bi òun léèrè mọ́ láyé.

"Kọ bẹ́ẹ̀ ni," ó sọ fún Mansur.

Mansur wo bàbá, ó wo ìyá, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ka ohun tó kàn lójú kọ̀ǹpútà.

"Wọ́n ń béèrè àlàyé, Mọ́mì. Ṣé kí n kọ ọ́ pé oúnjẹ lẹ máa ń sè fún wọn níbẹ̀?"

"Rárá o," Adébùnmí ní. "Kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni mí. Má kọ alásè."