Kọ́ńtáàtì Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi ló ba iṣẹ́ jẹ́, èmi ni wọ́n lé. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, mi ò sì gbàgbé ìkankan nínú ẹ̀.

Bàbá wa ní mọ́tò kékeré kan, ìjókòó méjì péré, pupa fòò, tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì méjì méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dísíríbútọ̀ kan ṣoṣo ló ń pín iná fún gbogbo wọn, kọ́ńtáàtì méjì sì ló wà nínú ẹ̀, àwọn irin kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí iná lè tàn. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá yá ju èkejì lọ, iná á tètè gbà nínú sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu irin, kò sì ní pẹ́ tí písítìn á fi luhò.

Bàbá ní bó ṣe máa ń ṣe é. Á fi bébà fẹ́lẹ́ inú páálí sìgá sáàárín kọ́ńtáàtì kọ̀ọ̀kan, á máa fi ọwọ́ méjèèjì fà wọ́n jẹ́jẹ́, ẹlòmíràn á sì máa fi sípánà yí púlì ẹ́ńjìnnì. Ibi tí bébà bá ti bọ́, ibẹ̀ ni kọ́ńtáàtì ti ṣí. Àwọn bébà náà gbọ́dọ̀ bọ́ pọ̀, lójú àmì tó wà lára púlì. Iṣẹ́ ẹni méjì ni.

Mi ò parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí mọ́tò yẹn ni mo ti gbọ́n. Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ ní kí n ṣe é fúnra mi, ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi yí púlì. Bébà méjèèjì bọ́ pọ̀. Mo di gbogbo sukúrù le.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Lọ fọwọ́ ẹ, jẹ́ kí n bá ọ dé dísíríbútọ̀."

Mo lọ.

Bàbá gbé mọ́tò náà gun òkè, kò dé orí ẹ̀ tí písítìn fi lu. Nígbà tí a ṣí ìdérí, sukúrù kọ́ńtáàtì kejì ti dẹ̀, kọ́ńtáàtì náà sì ti kúrò lójú ibi tí mo fi í sí. Mo ní èmi kọ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń wo bàtà ẹ̀.

Bàbá ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan mi mọ́ láyé."

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì jáde. Mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mo níyàwó, mo bímọ, mi ò padà síbẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé, "Bí èèyàn bá lè fi ìbínú yín dáná, a ò ní ra gáàsì mọ́." Ó lè máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: kí Bàbá tó kú, kó mọ̀ pé kì í ṣe èmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti darúgbó.

"Àbúrò, etí Bàbá ti di pátápátá. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan mọ́tò yẹn kó máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ òun. Mo ti fi písítìn tuntun sí i, mo ti tò ó tán. Ojú mi ni ò rí kọ́ńtáàtì mọ́."

"Ẹ wá ẹlòmíì." Èmi àti ẹ̀ ò rí ara wa láti ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ mo ṣì ń pè é ní ẹ.

"Ta ni? Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Tí mo bá ṣe é, ẹ ó sọ ọ́ lójú Bàbá. Ẹnu yín lẹ ó fi sọ ọ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó yíjú sí ọ̀nà. "Kó irinṣẹ́ ẹ, jẹ́ ká lọ."

Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó wá ka mítà iná.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá mẹkáníìkì."

Bàbá tó bí mi ń pè mí ní ẹ. Mo yára ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo nu kọ́ńtáàtì méjèèjì, mo fi bébà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi gbá sípánà mú.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Púlì ni, kì í ṣe ọrùn ọ̀tá yín."

"Ẹnu ẹ ò sì tíì kú."

Bébà òsì kọ́kọ́ bọ́. Mo sún kọ́ńtáàtì kejì díẹ̀, a tún yí i. Òsì tún yá. Mo sún un díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni bébà méjèèjì bọ́ sí mi lọ́wọ́ pọ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ìdérí. Mo wò ó. Ó ká ọwọ́ ẹ̀ kò. Èmi ni mo dé e.

Mo ṣíná mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì gbà. Ẹ̀gbọ́n mi di Bàbá mú dìde, Bàbá sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dijú. Omi ń jáde lójú ẹ̀.

"Ìwọ lo ṣe é," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Mo mọ̀ pé wàá ṣe é. Àbúrò ẹ ni kò lè ṣe é lọ́jọ́sí. Kò tiẹ̀ wá wò mí. Mo ń wo ọ̀nà fún un lójoojúmọ́."

Sukudíréfà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹnu sí etí Bàbá, ó sì pariwo, "Bàbá, èmi ni! Èmi ni mo tú sukúrù yẹn! Inú ló bí mi pé òun lẹ gbé iṣẹ́ fún!"

Bàbá kàn ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lára.

Ẹ̀gbọ́n mi tún un sọ títí ohùn ẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi.

"Àbúrò mi, èmi ni."